Ẹ̀dọ̀ Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Ń Pín

Kókó inú ilé ọmọ ló ń da ẹ̀gbọ́n mi obìnrin láàmú. Bí nǹkan oṣù rẹ̀ bá dé, ẹ̀jẹ̀ a máa ya bí omi ẹ̀rọ. A gbé e lọ sílé ìwòsàn níbí ní Kàbà pé kí wọ́n gé kókó náà kúrò. Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó ní iṣẹ́ abẹ ò tíì ṣeé ṣe.

"Ẹ̀jẹ̀ tó kù lára yín ò tó iṣẹ́ abẹ, mà. Ẹ máa lo oògùn yìí, kí ẹ sì máa jẹ ẹ̀dọ̀ màlúù dáadáa. Bó bá gòkè, ẹ padà wá."

Oògùn, ó ń lò ó. Ẹ̀dọ̀, èmi ni mò ń rà á wálé. Síbẹ̀, nígbà tí a padà lọ, ẹ̀jẹ̀ ò kúrò níbi tó wà. Bó bá rìn dé ẹnu ọ̀nà lásán, àyà rẹ̀ á máa lù kìkì.

Lọ́jọ́ kan ni mo bá a nídìí oúnjẹ. Àgbàlagbà obìnrin ojúlé kejì yọjú, ó kí i bí a ṣe ń kí ara wa níbí: "Okun o." Ẹ̀gbọ́n mi dáhùn, ó fi ẹ̀dọ̀ kan lé e lọ́wọ́. Ẹni tó ń ti oko bọ̀ kí i, òun náà gba tirẹ̀. Kò pẹ́, ó ku ọbẹ̀ nìkan nínú àwo. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá kí ọ nídìí oúnjẹ kì í lọ lọ́wọ́ òfo.

"Àǹtí, ṣé gbogbo àdúgbò ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún ni?"

"Kí n máa jẹran, kí n máa wò wọ́n lójú?"

"Ẹ tilẹ̀kùn nígbà náà."

"Ilẹ̀kùn kẹ̀? Ṣé mo jalè ni?"

Ìyá wa tó jókòó sí kọ̀rọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ta ní í bá aláìsàn pín oògùn?"

Láti ọjọ́ kejì, òun ló ń se ẹ̀dọ̀ náà, nínú ìkòkò kékeré, pẹ̀lú ewé ẹfinrin. Bí ẹnikẹ́ni bá ti kí wa, ìyá wa á ti gba ìdáhùn lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi: "Okun o. Oògùn ló ń jẹ." Kíá ni wọ́n á kó ọwọ́ wọn sẹ́yìn. Àfi àgbàlagbà obìnrin ojúlé kejì, tó fa imú.

"Oògùn yìí mà ń ta sánsán o! Ara èmi náà ò yá lánàá."

"Ẹ lọ bá dókítà kó kọ ọ́ fún yín!" ni ìyá wa fèsì.

Díẹ̀ ló kù kí ẹ̀rín fún ẹ̀gbọ́n mi lọ́rùn.

Ẹ̀jẹ̀ gòkè lóòótọ́. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ó ti tó, ó sì dá ọjọ́. Lọ́jọ́ náà, èmi àti ìyá wa jókòó lórí bẹ́ǹṣì lóde títí wọ́n fi gbé e jáde, tó ń mí wọ́ọ́rọ́. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti gbà lára mi sílẹ̀ dè é, wọn ò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án.