Pèrègún Àkùrọ̀ Igando

Àwọn tó ń sọ pé kò sí oko mọ́ ní Alimosho, ẹ má dá wọn lóhùn jàre. Wọn ò tí ì rìn kọjá ẹ̀yìn ilé wọn ni. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní Igando, ẹ gba ọ̀nà tó dà gẹ̀rẹ́ lẹ́yìn àwọn ilé alájà, ẹ máa lọ títí ẹ ó fi gbóhùn ọ̀pọ̀lọ́. Ibẹ̀ ni àkùrọ̀ wa wà. Mọ̀dínátù lorúkọ mi, Ìyá Hamdalah ni wọ́n ń pè mí. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, ó sì ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún tí mo ti ń gbin ẹ̀fọ́ níbẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ara mi ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ Bàbá Ṣàíbù ni, onílẹ̀ wa.

Bàbá Ṣàíbù ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Bí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán, wọ́n á wọ bàtà òjò, wọ́n á mú ọ̀pá, ó di inú àkùrọ̀. Ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́, àmọ́ kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí wọn ò mọ̀. Wọ́n á dúró, wọ́n á tẹ́tí, wọ́n á ní, "Ìyá Hamdalah, palẹ̀ àwọn irúgbìn ẹ mọ́, omi ń bọ̀. Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ti kó lọ sókè." Èmi á rẹ́rìn-ín, torí oòrùn á ti mú ganrin-ganrin. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, omi á ti dé orókún mi. Lọ́dún kan, wọ́n fọwọ́ bá ìtẹ́ ẹyẹ láàárín ilá mi, wọ́n ní n kò gbọdọ̀ gé ilá ìlà yẹn títí àwọn ọmọ ẹyẹ á fi fò. Ilá gbó mọ́ mi lọ́wọ́ nítorí ẹyẹ! Inú bí mi, mo kùn títí, àmọ́ mi ò gé e.

Ohun tí wọ́n fẹ́ràn jù ni ààlà. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rìn yí ilẹ̀ wọn ká. Ìdí pèrègún tó wà ní apá omi ni wọ́n máa ń parí rẹ̀ sí. Wọ́n á fọwọ́ kan ewé rẹ̀, wọ́n á ní, "Ìwọ kì í purọ́." Ẹ mọ̀ pé pèrègún ni àwọn bàbá wa fi ń sàmì ààlà, torí kì í kú bọ̀rọ̀. Ẹ gé e, á tún rúwé. Ìdí nìyẹn tí a ò fi gbọdọ̀ gbìn ín, àwa tí wọ́n yá nílẹ̀. Ẹ̀fọ́ àti àgbàdo ni tiwa. Ẹni tí wọ́n yá nílẹ̀ tó bá gbin igi síbẹ̀ ti ń wá bó ṣe máa gba ilẹ̀ nìyẹn.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, Rashidat wá bá wọn nínú àkùrọ̀. Ọmọ Táyéwò ni. Táyéwò yìí ni àbúrò Bàbá Ṣàíbù, ìyá kan, bàbá kan. Egbeda ló ń gbé kó tó kú lọ́dún méjì sẹ́yìn. Tíṣà ni Rashidat, ọkọ ẹ̀ ti já a sílẹ̀, yàrá kan ní Dopemu lòun àtàwọn ọmọ ẹ̀ mẹ́ta há mọ́.

Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. "Bàbá, ẹ káàárọ̀ o. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bàbá mi ni mo bá wá. Mo fẹ́ kọ́ yàrá méjì síbẹ̀."

"Kọ́ ọ. Ta ló dí ẹ lọ́wọ́? Láti ibi pèrègún yìí lọ sápá ọ̀hún, ti bàbá ẹ ni."

"Bàbá, omi ló wà lápá ọ̀hún. Ibi tó gbẹ níbẹ̀ ò gba ju ilé ìwẹ̀ lọ. Bàbá mi sì sọ fún mi kí wọ́n tó kú pé etí gọ́tà ni ààlà, pé kì í ṣe ibi pèrègún."

Àfi gbàà! Bàbá fi ọ̀pá na ilẹ̀. "Ọ̀rọ̀ yìí náà tún kọ́ yìí? Nítorí ẹ̀ lèmi àti bàbá ẹ ò fi bára wa sọ̀rọ̀ fún ọdún méje gbáko, títí ó fi kú! Mo ṣàìsàn, mo lọ gbé lọ́dọ̀ ọmọ mi l'Ábẹ́òkúta, mo fi ilẹ̀ sọ́wọ́ ẹ̀. Kí n tó dé, ó ti fẹ́ yẹ ààlà. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí gbogbo ẹbí pé lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀. N ó gbé Àlùkùránì lérí, n ó búra níwájú yín."

Rashidat dìde, ó gbọn ẹrẹ̀ kúrò lórúnkún, ó bá tiẹ̀ lọ. Nígbà tó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, mo rí i pé omijé ti dé ojú ẹ̀.

Ọ̀bẹ tí mo fi ń gé ṣọkọ bọ́ lọ́wọ́ mi. Èmi mọ ẹni tó rì pèrègún yẹn mọ́lẹ̀. Nùrẹ́nì ni, ọkọ mi, kí Ọlọ́run foríjìn ín.

Ó ti pé ọdún mọ́kànlá. Bàbá ṣì wà l'Ábẹ́òkúta nígbà tí katakata wá gbẹ́ gọ́tà ńlá la àkùrọ̀ kọjá. Orí ààlà gan-an ló gbà. Ó hú àwọn pèrègún àtijọ́ jáde, ó kó wọn jọ pẹ̀lú ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ náà sì bo ibi tí à ń gbìn mọ́lẹ̀. Táyéwò ló ń mójú tó ilẹ̀ nígbà náà. Ó ṣàánú wa. Ó ní ká rékọjá gọ́tà, ká mú ìṣísẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ilẹ̀ tòun, ká máa fi gbin ẹ̀fọ́. Àwọn ewúrẹ́ aládùúgbò ò jẹ́ ká gbádùn ẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n jẹ ewédú mi tán láàárọ̀ kan, Nùrẹ́nì wo pèrègún tí katakata kó dà nù, ó ní, "Igi ọ̀fẹ́ rèé, ewúrẹ́ ò sì ní jẹ ẹ́." Ó gé e sí wẹ́wẹ́, ó rì í yí oko ká, ó fi wáyà so nẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn. Igi ọgbà lásán ni lójú wa.

Èyí tó wà láwọn apá yòókù kú. Èyí tó wà lápá omi rúwé. Nígbà tí Bàbá fi máa dé lẹ́yìn ọdún méjì, nẹ́ẹ̀tì ti jẹrà, gọ́tà ti da ojú ilẹ̀ rú, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n rí tí wọ́n dá mọ̀ ni pèrègún. Wọ́n ní ibẹ̀ ni tàwọn parí sí. Mo gbọ́ ọ. Ẹnu mi ni mo pa mọ́. Mo rò pé ohun tó jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n, ti àbúrò náà ni, kí ló kan àlejò níbẹ̀? Àgbàdo àti ẹ̀fọ́ tí mo bá kọ́kọ́ gé lórí ilẹ̀ yẹn, Bàbá Ṣàíbù ni mo ń gbé e fún, mo sì mọ̀ pé ilẹ̀ Táyéwò ni. Mo rí i pé Táyéwò ò wá mọ́. Ta ló máa wá sọ ìdí ẹ̀ fún ẹlẹ́fọ̀ọ́?

Nígbà tí Bàbá lọ tán, mo lọ kúnlẹ̀ sídìí pèrègún, mo fọwọ́ tu koríko ìdí ẹ̀. Wáyà wà níbẹ̀. Igi ti gbé e mì, orí ẹ̀ ló kù síta, ó ti dípẹtà. Ọlọ́wọ́ òsì ni Nùrẹ́nì, òdìkejì ló máa ń lọ́ wáyà sí. Bí wọ́n ṣe lọ́ ọ nìyẹn. Mo sunkún níbẹ̀, mi ò ní parọ́. Lẹ́yìn náà mo bú u. Mo bú ewúrẹ́, mo bú katakata, mo bú ara mi.

Ẹ má rò pé ìṣísẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn kéré o. Ibẹ̀ nìkan ni kì í gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ibẹ̀ nìkan lomi kì í bò lójò. Ibẹ̀ ni mo ti ń bọ́ àwọn ọmọ mi láti ọdún mẹ́rin tí bàbá wọn ti kú. Abdulmuiz, ọmọ mi ọkùnrin, ṣì wà nílé ìwé. Bí mo bá sọ̀rọ̀, Rashidat á kọ́lé síbẹ̀. Bàbá náà sì lè lé mi kúrò lórí èyí tó kù, pé ọkọ mi gbin pèrègún sórí ilẹ̀ onílẹ̀. Bí mo bá dákẹ́, ta ló máa mọ̀? Nùrẹ́nì ti kú, Táyéwò ti kú. Gbogbo Ọjọ́rú ni mo fi ń sọ fún ara mi pé n ó dákẹ́.

Àmọ́ àgbàlagbà tí kò purọ́ rí ló fẹ́ gbé Àlùkùránì lérí búra èké yìí, kò sì mọ̀. Ọlọ́run ò ní kà á sí wọn lọ́rùn. Èmi tí mo mọ̀ ló máa kà á sí lọ́rùn.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo dúró dè wọ́n. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ọwọ́ yín wá." Mo fa ọwọ́ wọn wá sí ìdí igi.

"Kí lèyí?"

"Wáyà ni, Bàbá."

Mo kúnlẹ̀, mo rò ó fún wọn látòkè délẹ̀. Mo ń retí ọ̀pá. Kò sí ọ̀pá. Wọ́n jókòó sórí ebè tútù bẹ́ẹ̀, aṣọ funfun wọn wọ inú ẹrẹ̀, ọwọ́ wọn ṣì wà lórí wáyà. Oòrùn yọ, ó gòkè. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "O ṣeun. Máa bá iṣẹ́ ẹ lọ." Mo fẹ́ bá wọn di apá mú kí wọ́n lè dìde, wọ́n ní kí n fi àwọn sílẹ̀.

Wọn ò pè mí sí ìpàdé ọjọ́ Jímọ́ọ̀, kí ni wọ́n fẹ́ pè mí ṣe? Rashidat ló sọ fún mi. Ó ní wọ́n gbé Àlùkùránì wá, Bàbá ní kí wọ́n gbé e padà. Wọ́n ní, "Títí dé etí gọ́tà, ti Rashidat ni. Táyéwò ò yẹ ààlà. Èmi ni mo yẹ ẹ́." Àwọn ẹbí bi wọ́n pé báwo ló ṣe jẹ́. Bàbá ní kí wọ́n má bi àwọn. Wọn ò dárúkọ Nùrẹ́nì, wọn ò dárúkọ mi.

Rashidat jẹ́ kí n kórè èyí tó wà nílẹ̀, lẹ́yìn náà ó kó búlọ́ọ̀kù dé. Ó bẹ̀ mí, ó ní kí n má bínú, ó ní Bàbá ti pe òun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, pé òun ti mọ ohun tí mo ṣe fóun. Mo dá a lóhùn bí ẹni tó jẹ ewúro. Òtítọ́ korò, mo gbà, àmọ́ kì í ṣe ẹni tí wọ́n sọ ọ́ fún nìkan ló ń korò fún. Ìlàjì ohun tí mo ń gbìn tẹ́lẹ̀ ni mo ń gbìn báyìí, mo sì ti ń bá àwọn kan ṣa ẹ̀fọ́ lóko wọn kí oúnjẹ lè délé.

Bàbá Ṣàíbù ò rìn yí ilẹ̀ ká mọ́. Wọ́n á wá, wọ́n á dojú garawa mi délẹ̀, wọ́n á jókòó lé e. Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ á máa ké, Bàbá ò ní sọ ohun tí wọ́n gbọ́ mọ́. Ó tó oṣù kan kí wọ́n tó bi mí láàárọ̀ ọjọ́ kan.

"Ìyá Hamdalah, lọ́jọ́ tí ọkọ ẹ ń rì í mọ́lẹ̀, Táyéwò wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀, Bàbá. Òun ló di igi mú tí Nùrẹ́nì fi ń gbá a wọlẹ̀."

"Kò ronú pé n ó bínú?"

Ó ṣe mí bíi kí n parọ́. Mi ò lè pa á. Mo ní, "Ọkọ mi bẹ̀rù. Ó ní, 'Alàgbà, ẹ̀gbọ́n yín á ní a gbin pèrègún.' Táyéwò rẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kì í dájọ́ láì gbọ́ tẹnu ẹni. Bí wọ́n bá dé, n ó ṣàlàyé fún wọn.'"

Bàbá gbé ọ̀pá wọn sílẹ̀.

"Ó wá o," ni wọ́n wí. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wá sẹ́nu ọ̀nà mi. 'Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.' Wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Èmi ò gbọ́ ti ẹnì kankan. Mi ò jẹ́ kó jókòó."