Ọkọ̀ Funfun Bàbá Mi

Ọkọ̀ tuntun tí mo rà kì í dún, àwọn ewúrẹ́ àdúgbò Gyellesu ní Zaria ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi yé mi pé ìṣòro ni èyí. Ọkọ̀ mi àtijọ́ máa ń pariwo débi pé wọ́n á ti kúrò lọ́nà kí n tó yọ. Eléyìí lè dúró sẹ́yìn ewúrẹ́ kan báyìí kí ewúrẹ́ náà ṣì máa jẹ èèpo máńgòrò rẹ̀ lọ láìwẹ̀yìn. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ náà kì í yà. Bí mo bá ti wọ àdúgbò yẹn, fèrè ni mo ń fọn títí n ó fi jáde, bí ọkọ̀ ìyàwó.

Epo bẹntiróòlù ló sọ mí di ẹni tó ń wa ọkọ̀ oníná. Yunifásítì ni mo ti ń kọ́ni, Danmagaji ni mo ń gbé, bàbá mi wà ní Sabon Gari, ọkọ mi sì ń ṣiṣẹ́ ní Abuja. Èmi nìkan ni mo ń wakọ̀ sọ́tùn-ún sósì. Nígbà tí epo wá gbówó lórí tán, mo ta ọkọ̀ tí mo ní, mo fi owó tí mo ti ń tù jọ kún un, mo ra èyí tí kì í mu epo rárá. Mo rò pé ìyọnu ti tán. Ìyọnu mìíràn ló gba ipò rẹ̀.

Tẹ́lẹ̀, bí iná bá dé, ìdí áyọ́ọ̀nù ni mo máa ń sáré lọ. Ní báyìí, bí àdúgbò bá ti hó pé iná dé, èmi obìnrin tí mo ti lé láàádọ́ta ọdún ni mo ń fi ọbẹ̀ sílẹ̀ lórí sítóòfù, tí mo ń ká wáyà lọ́wọ́ jáde. Obìnrin tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi á jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, á máa wò mí. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé òun ò rí ẹni tó ń fún mọ́tò lóúnjẹ kó tó fún ara rẹ̀ rí. Òótọ́ ló sọ.

Bí iná kò bá wá, ilé epo kan lójú ọ̀nà Kàdúná ni mo ń lọ. Ẹni tó ni ín ti to pánẹ́ẹ̀lì sọ́ọ̀là sórí òrùlé, ó sì ri ẹ̀rọ ìṣájì kan mọ́lẹ̀ níwájú. Wáyà méjì ló wà lára ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ọjọ́ tí èkejì ṣiṣẹ́. Ọkùnrin tó ń mójú tó o máa ń jókòó sórí ẹní lábẹ́ igi dógóyárò, àwa tí a bá ń dúró náà á jókòó tì í. Ibẹ̀ ni mo ti ń máàkì ìwé ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, tí mo sì ń mu tíì ṣáì tí n kò tọrọ.

Òfin ibẹ̀ kò sí lára ògiri, ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe ẹni tó kọ́kọ́ dé ló ń kọ́kọ́ ṣájì. Ẹni tó ń rìnrìn àjò ni. O lè ti wà lórí wáyà, kí ọkọ̀ kan ti Kano dé tí bátìrì rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, ọkùnrin yẹn á rọra dìde, á fọwọ́ lé àyà, á ní, "Hajiya, baƙo ya zo." Àlejò ti dé. Wọ́n á yọ tìrẹ, wọ́n á ki wáyà bọ ti àlejò, ìwọ ará ìlú á padà sórí ẹní. Inú máa ń bí mi. Àmọ́ wọ́n ti yọ ti ẹlòmíràn nítorí tèmi ní Kàdúná rí, nítorí náà mo máa ń pa ẹnu mi mọ́.

Ọmọ Ìlọrin ni bàbá mi. Ọ̀dọ́ ni nígbà tó dé Zaria, kò mọ ẹnì kankan, ilé Hausa kan ló sì gbà á sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí ó fi rí yàrá háyà. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tó ti ń ta abọ́ tánganran ní ọjà Sabon Gari, síbẹ̀ bí ẹnikẹ́ni bá bi í léèrè, á ní baƙo lòun. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wa ọkọ̀ tuntun náà lọ. Ó jáde láti ṣọ́ọ̀bù, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì fi ìka kàn án kọ́ọ́kọ́ọ́, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń kan abọ́ láti mọ̀ bóyá ó ti là.

Ó ní, "Alhamdulillah. Funfun. O ṣe é re, Màlámà. Ọkọ̀ funfun kì í gba oòrùn sára."

Màlámà ló ń pè mí láti ọjọ́ tí mo ti ń kọ́ni. Búlúù ni ọkọ̀ náà. Kì í ṣe búlúù tó dúdú, ó mọ́lẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ojú rẹ̀ dá tó máa pè é ní funfun. Àwọn tó ń tajà yí i ká ti pé jọ. Mo wo ojú wọn, àwọn náà wo tèmi. Ọkùnrin tó ń ta bàtà ní ṣọ́ọ̀bù kejì, tí òun náà jẹ́ àgbàlagbà, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Gaskiya ne, Alhaji." Òótọ́ ni, Àlàájì. Ta ni yóò já àgbà nírọ́ láàárín ọjà? Láti ọjọ́ náà, gbogbo ìlà yẹn ló ń pe ọkọ̀ mi ní ọkọ̀ funfun, títí kan àwọn tó ń bá mi fọ̀ ọ́.

Bí mo ṣe mọ̀ pé ojú bàbá mi ti ń lọ nìyẹn. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàkíyèsí pé ìka ló fi ń mọ abọ́ ńlá yàtọ̀ sí kékeré, àti pé ó máa ń dúró kí èèyàn kí òun kó tó mọ ẹni tó wọlé. Mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú ní Kàdúná. Dókítà náà ní nǹkan kan ti bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní yanar ido, pé iṣẹ́ abẹ kékeré ni, ojú kan lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n kí a má fi falẹ̀ mọ́, nítorí ojú òsì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá àtúnṣe. Ọjọ́ kan péré lọ́sẹ̀ ni dókítà yìí ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ tí wọ́n fún wa pé, bàbá mi ní ọjà tuntun ń bọ̀ láti Kano. Wọ́n tún fún wa ní òmíràn, ó ní òun ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Nígbà tí mo bi í pé ọmọ ta ni, kò lè sọ ní pàtó.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni mo pinnu pé n kò ní gba ọ̀rọ̀ kankan. Tiransifọ́mà Danmagaji ti jóná láti ọjọ́ bíi mélòó kan, nítorí náà, bí wọ́n ti kírun àsùbáà tán, mo lọ gbé bàbá mi, ó di ilé epo. Kò sí ọkọ̀ mìíràn níbẹ̀. Mo ki wáyà bọ ọkọ̀, ó gbà. A gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn kí ọ̀sán tó pọ́n, a kì í sì í jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú báni lójú ọ̀nà yẹn nítorí ewu, ṣùgbọ́n àkókò tó. Mo fi bàbá mi sílẹ̀ nínú ọkọ̀ pẹ̀lú tẹ̀sùbáà rẹ̀, mo sọdá lọ ra àkàrà kósáí àti kúnnú mímu.

Ìlà gùn níwájú oníkósáí. Nígbà tí mo padà dé, wáyà wà lára ọkọ̀ mìíràn, ọkọ̀ kékeré kan báyìí tí eruku ti bò. Ọkùnrin kan dúró tì í, ìyàwó rẹ̀ gbé ọmọ sẹ́yìn. Kano ni wọ́n ti ń bọ̀. Ọkùnrin náà kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Mun gode, Hajiya." Kí ni èèyàn fẹ́ sọ fún ẹni tó ti dúpẹ́? Mo yíjú sí ẹni tó ń mójú tó ẹ̀rọ.

Ó ní, "Alhaji ne ya ce." Ó ní òun kò tilẹ̀ tíì béèrè tí Àlàájì fi ní kí òun yọ ọ́.

Mo wọnú ọkọ̀, mo ti ilẹ̀kùn. Bátìrì kò tíì dé ìdajì.

Mo ní, "Bàbá, kí lẹ ṣe yìí?"

"Baƙo ni. Ọmọ wà lẹ́yìn ìyàwó ẹ̀."

"Àwa ńkọ́? Ṣé inú ilé là ń lọ ni? Arìnrìn-àjò làwa náà."

Ó mọ òfin ibẹ̀ jù mí lọ, nítorí irú òfin bẹ́ẹ̀ ló gbà á sílé nígbà tó dé ìlú yìí, ó sì mọ̀ pé kò kàn wá lọ́jọ́ náà. Ó ń yí tẹ̀sùbáà. Nígbà tó yá, ó ní, "Ká jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọkọ̀ á ti kún dáadáa."

"Ẹ jẹ́ ká wọ ọkọ̀ èrò."

"Orúnkún mi ò gba ọkọ̀ èrò."

Inú bí mi gan-an. Mo ti fẹ́ dá ọ̀rọ̀ ọjà Kano àti ti ìsọmọlórúkọ sílẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n mo wo ọwọ́ rẹ̀, mo rí i pé ẹyọ tẹ̀sùbáà kan náà ló ń kà ní àkàtúnkà. Bàbá mi kì í ṣi tẹ̀sùbáà kà.

Mo ní, "Bàbá, ẹ̀rù ń bà yín."

Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí àwọn tó wà níta má baà gbọ́. "Báyìí tí mo wà yìí, bí èèyàn bá dúró níwájú mi, mo mọ̀ pé èèyàn ni. Mo ń rí oòrùn. Mo ń rí ọ̀nà mọ́sálásí. Bí wọ́n bá fi abẹ kàn án tí díẹ̀ yìí náà lọ ńkọ́? Wọ́n á ní kí n wá jókòó sílé. Èmi? Kí n jókòó sílé, kí wọ́n máa fà mí lọ́wọ́ lọ ṣe àlùwàlá?"

N kò gbọ́ kí bàbá mi sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo sọ fún un pé ẹ̀rù ń ba èmi náà, nítorí bí ojú náà bá bàjẹ́, èmi ni mo mú un lọ. Mo ní ṣùgbọ́n bí a bá padà sílé lónìí, díẹ̀ yẹn náà yóò lọ, kò sì ní sí abẹ tí a máa dá lẹ́bi. Ó na ọwọ́, ó ń táràrà wá bẹ́líìtì. Mo bá a dè é.

Ohun tó wà nínú bátìrì lè gbé wa dé Kàdúná bí mo bá rọra wà á, tí n kò sì tan ẹ̀rọ atútù. Ooru ti mú nígbà náà. Tírélà kọjá lára wa, bọ́ọ̀sì kọjá lára wa, àwọn awakọ̀ sì ń yọjú wo irú obìnrin wo ló ń rìn bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀ tuntun. Bàbá mi bọ́ fìlà, ó nu orí, ó tún un dé.

Ó ní, "Màlámà, ẹ̀rọ atútù yìí ò ṣiṣẹ́ ni?"

Mo ní, "Ó ń ṣiṣẹ́, Bàbá. Ẹ ti fi ta baƙo lọ́rẹ."

Ó rẹ́rìn-ín. Láti ìdájí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Nígbà tí a dé Rigachikun, tó kù díẹ̀ ká wọ Kàdúná, iná pupa bátìrì ti ń tàn níwájú mi, mo sì ń gbàdúrà lọ́kàn bí ẹni tó fẹ́ wọ yàrá ìdánwò. A wọ ọgbà ilé ìwòsàn, dókítà ṣì wà níbẹ̀.

Ojú òsì ni wọ́n ṣe lọ́jọ́ náà, wọ́n dì í. Ilé àbúrò rẹ̀ ní Kàdúná la sùn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, nọ́ọ̀sì tú u, ó na ìka sí i lójú pé kó kà á, bàbá mi sì dá a lóhùn bó ṣe yẹ. Yàtọ̀ sí Alhamdulillah, kò sọ nǹkan kan fún mi. Wọ́n fún un ní awò dúdú, ó di apá mi mú gẹ́gẹ́ bó ṣe di í mú wọlé. Ọkàn mi kò balẹ̀. Mo wa ọkọ̀ lọ síbi ìṣájì tó wà nítòsí ilé ìwòsàn, mo ki wáyà bọ ọkọ̀, mo sì wá àga fún un lábẹ́ òjìji.

Kò jókòó. Ó fi apá mi sílẹ̀, ó rìn yí ọkọ̀ náà ká lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbé awò sókè díẹ̀.

Ó ní, "Búlúù ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Láti ọjọ́ tí o ti rà á?"

"Láti ọjọ́ náà ni."

"Àwọn ará ọjà mọ̀?"

"Gbogbo wọn ló mọ̀."

Ó mi orí. "Ẹni tó ń ta bàtà ní gaskiya ne. Àgbàlagbà bíi tiẹ̀. N ó bá a débẹ̀."

Ó fi awò bojú padà, ó jókòó, ó sì kọjú sí géètì. Géètì náà jìnnà sí wa, oòrùn sì ń ràn síbẹ̀.

Ó ní, "Mọ́tò kan ń wọlé bọ̀. Eruku ti bò ó. Ọ̀nà jíjìn ló ti wá."

Mo yíjú. Bẹ́ẹ̀ ni lóòótọ́. Ẹni tó ń mójú tó ibẹ̀ náà ti rí i, ó ti fọwọ́ lé àyà, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Bàbá mi gbé ọwọ́ sókè kó tó dé.

Ó ní, "Kó ṣe sùúrù. Tiwa ò tíì kún. Arìnrìn-àjò làwa náà."