Orúkọ Ẹyẹ Tí Owú Fi Sí Mi Lẹ́nu

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀. Mo fẹ́ fi ẹnu ara mi ròyìn ohun tí mo ṣe létí ọ̀sà ní Ìbèṣè lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá. Kò dára, àmọ́ ó ti ṣẹlẹ̀.

Ẹ mọ Tọ́lá, ọmọ ọmọ mi tó ń kọ́ nípa ẹranko ní yunifásítì. Wọ́n ní kó lọ wo àwọn ẹyẹ tó máa ń sá fún òtútù ilẹ̀ òyìnbó wá sọ́dọ̀ wa lásìkò òjò àrọ̀kúrò, kó sì kọ orúkọ tí àwọn àgbà ń pè wọ́n. Ẹyẹ tó wọ Èkó láìgba físà! Lóko ìrẹsì wa ní Ìmọ̀tà, òkò la fi ń lé ẹyẹ. Ta ló ń kọ orúkọ wọn?

Ṣé ẹ mọ ibi tí ọmọ yìí gbà lọ? Ọ̀dọ̀ ìyá ìyá ẹ̀ ní Ìbèṣè. Ará Ìlàjẹ ni àna mi yìí, ẹja ló ń yan tà. Èmi ìyá bàbá ẹ̀, tí mo wẹ Tọ́lá lọ́mọ tuntun, tí mo pọ̀n ọ́n títí tó fi rìn, orí fóònù ni mo ti gbọ́. Mo ní mò ń bọ̀.

Òjò ò dá láti àárọ̀. Àwa mẹ́ta jókòó sábẹ́ àtíbàbà àna mi, Tọ́lá gbé awò tó ń fa ohun tó jìn sún mọ́ni sójú. Gbogbo ẹyẹ tó bá balẹ̀ ni àna mi mọ̀. Èyí ń jẹ báyìí, tọ̀hún ń jẹ báyìí, èyí kì í wá àfi tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀. Tọ́lá ń kọ, ó ń pè é ní tíṣà òun. Àyà mi ń gbóná bí ààrò ẹja yẹn. Nígbà tí ọmọ náà máa yíjú sí mi, ó ní, “Màmá Ìmọ̀tà, ṣé òtútù ò mú yín?” Òtútù nìkan ló rí bi mí.

Ẹyẹ kékeré kan bà sórí ọkọ̀ ojú omi. Àyà ẹ̀ funfun, ó ń ju ìdí sókè sódò, kò sinmi. Tọ́lá bi àna mi léèrè.

Ó wò ó títí, ó ní, “Ọmọ mi, ọdọọdún ni mò ń rí i, àmọ́ n kò mọ orúkọ ẹ̀.”

Kíá ni mo já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu. “Ajùdílétídò ni. Ohun tí ìyá mi ń pè é nìyẹn.”

Irọ́ ni. Ìyá mi ò pè é ní nǹkan kan. Ibi tí mo jókòó sí ni mo ti hun ún.

Tọ́lá dì mọ́ mi. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó kọ orúkọ ìyá mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó ní wọ́n á tẹ̀ ẹ́ síwèé. Ṣé kí n purọ́ kejì fún yín? Ó dùn mọ́ mi.

Àfi bí àna mi ṣe ní, “Ẹ ṣé o, Màmá. Mo bi ìyá mi ní kékeré, kò mọ̀ ọ́n. Ìyá tiẹ̀ náà ò mọ̀ ọ́n. Ẹ tún un pè kí n gbọ́.” Ló bá ń pè é lábẹ́nu bí ọmọ iléèwé, ajùdílétídò, ajùdílétídò. Ó ṣa ẹja tó tóbi jù lórí ààrò, ó gbé e fún mi.

Mo gbé ẹja náà sílẹ̀ láìjẹ ẹ́.

Mo ní, “Tọ́lá, pa á rẹ́. Irọ́ ni mo pa.”

Ó bi mí pé kí ló dé. Mo ní owú ni. Ó ní, owú ta? Mo fi ojú tọ́ka sí àna mi.

Àna mi bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹyẹ náà sì ń jùdí lóòótọ́ o, Màmá.” Tọ́lá ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó fi bíro fa igi lé orúkọ ẹyẹ, ó fà á dé orí orúkọ ìyá mi. Mo jókòó, mò ń wò ó.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé kò sí ẹni tí owú kì í jẹ, ṣùgbọ́n ká má ti ibẹ̀ pa irọ́ mọ́ òkú tí kò lè jà fúnra ẹ̀.

Ìlà ẹyẹ yẹn ṣì ṣófo nínú ìwé Tọ́lá. Bí àwọn ìyá yín bá pè é ní nǹkan kan, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, kí ẹ dárúkọ ìlú yín. Ẹni tí owú bá ti mú sọ ohun tí kò mọ̀ rí, kó sọ tiẹ̀ fún wa. Bí ẹ ò bá sì mọ orúkọ ẹyẹ náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní ẹ ò mọ̀ ọ́n.