Bàtà Funfun Inú Ọ̀rá

Bí mo bá ti rí bàtà funfun, Aunty kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Jonesboro, lókè òkun níbí, ni mo máa ń rántí. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, wọn kì í wa mọ́tò. Ẹ̀gbẹ́ títì tí kò ní ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n ń gbà wá sí ìsìn, sílípáàsì ẹlẹ́rẹ̀ lẹ́sẹ̀, bàtà funfun nínú ọ̀rá. Bí a bá ní, "Ẹ kú ìrìn," wọ́n á ní, "Ẹ kú ẹrẹ̀ ni kí ẹ kí mi!"

Nígbà tí ìbò dé, pé ká fi kún owó-orí ilé láti fi ṣe ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti ọ̀nà kẹ̀kẹ́, Uncle kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé fajú ro. "Aunty, ṣé bill tí mo ń san ò tíì tó ni?"

"Fẹsẹ̀ rìn wá ní Sunday tó ń bọ̀, ká wá sọ̀rọ̀ bill."

Uncle rìn ín lóòótọ́. Ẹrẹ̀ mù ún dé orúnkún. Òun gan-an ló wá ń bẹ gbogbo wa pé ká lọ dìbò "Yes." Ìbò "Yes" ló sì borí!

Ní Sunday tí ọ̀nà náà kọ́kọ́ ṣeé rìn, ìró bàtà la kọ́kọ́ gbọ́ láti ìta, kò-kò-kà. Aunty wọlé, bàtà funfun lẹ́sẹ̀, kò sí ọ̀rá lọ́wọ́. Wọ́n dúró níwájú Uncle.

"Ó yá, kí mi kú ìrìn báyìí!"