Ìràwọ̀ tí mo gbà ní jẹ́lé-ó-sinmi

Ọyẹ́ mú láàárọ̀ ọjọ́ náà ní Kétu débi pé a kò rí òrùlé ilé tó kọjú sí tiwa. Mo fi òróró pa ètè ọmọ-ọmọ mi obìnrin kí n tó wọ̀ ọ́ ní sọ́kìsì. Ọjọ́ tí àwọn òbí ń wá wo iṣẹ́ ọmọ ni, ìyá rẹ̀ sì ti gba àyè níbi iṣẹ́.

Jẹ́lé-ó-sinmi là ń pe irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ilé tiwa kò sinmi. Nínú kíláàsì, wọ́n á kọrin ABC. Kíkọ rẹ̀ sínú ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá kù sọ́wọ́ àwa ará ilé. Ìyá ọmọ ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù, kì í dé kí ọmọ tó sùn. Èmi tí mo fi ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kejì ni olùkọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rin náà á fa ìlà méjì, á ní ọwọ́ ń dun òun, á bú sẹ́kún, ọbẹ̀ mi á sì máa jó lórí iná. Lọ́jọ́ kan, mo ní kí ló tún ku? Mo gba pẹ́ńsù, mo bá a parí rẹ̀. N kò tilẹ̀ níláti díbọ́n: ìwé tèmi náà rí wọ́gọwọ̀gọ bíi ti ọmọdé.

Lọ́jọ́ kejì, àǹtí rẹ̀, olùkọ́ kíláàsì wọn, lẹ ìràwọ̀ pupa mọ́ iṣẹ́ náà. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, inú mi dùn. Ta ló lẹ ìràwọ̀ mọ́ iṣẹ́ mi rí? Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń gbà á jálẹ̀ táàmù. B mi dára. S ló dà mí láàmú díẹ̀.

Nígbà tá a dé ilé ẹ̀kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́ náà, àǹtí gbé ìwé wa sókè níwájú gbogbo òbí, ó kọjú sí ìyá ọmọ. "Mọ́mì, ọmọ yín ló mọ̀wé kọ jù. A fẹ́ gbé e fò sí Pírámárì Wọ́ọ̀nù. Ẹ wò ó." Ó fún ọmọ ní ṣọ́ọ̀kì.

Ọmọ gbá ṣọ́ọ̀kì mú bí ẹni gbá ọmọrí odó mú. Ó fa ìlà méjì wọ́rọkọ sára pátákó, ó rìn tọ̀ mí wá, ó na ṣọ́ọ̀kì sí mi.

"Màmá, mo ti ṣe tèmi. Ó ku tiyín."

Bàbá kan pariwo láti ẹ̀yìn: "Ẹ gbé Màmá lọ sí Pírámárì Wọ́ọ̀nù o jàre!"

Ọmọbìnrin mi, ìyá ọmọ, kọjú sí mi. "Màámi, ẹ̀yin lẹ ń kọ ọ́?"

"Èmi ni."

Àǹtí kò rẹ́rìn-ín. "Màmá, ọwọ́ ọmọ là ń kọ́, kì í ṣe kí ìwé kún la fẹ́. Kò tíì lè di pẹ́ńsù mú. Tí kò bá lè fa ìlà tààrà nígbà tá a bá wọlé lẹ́yìn Kérésì, fífò kọ́ la ó máa sọ o, ẹ̀yìn ló máa padà sí, sáàárín àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta."

Ọmọbìnrin mi kùn sí mi títí a fi délé. Ó tọ́ sí mi.

Lọ́jọ́ kejì, mo rẹ ẹ̀wà sínú bàsíà ńlá, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ àti ìwé rẹ̀, mo ki ọwọ́ méjèèjì bọ omi kí n má baà lè gba pẹ́ńsù. Ó fa ìlà méjì, ó na pẹ́ńsù sí mi. Mo fi ọwọ́ tí omi ń kán lára rẹ̀ hàn án. Ó sunkún. Mo ń bó ẹ̀wà. Nígbà tó yá, ó nu imú, ó fa ẹ̀kẹta. Kí ó tó parí ojú ìwé náà, ẹ̀wà tí mo ti bó pọ̀ débi pé mọ́ínmọ́ín ọjọ́ náà tó ilé mẹ́rin jẹ.