Òògùn Irun Tí Wọ́n Ní Ó Ń Bọ̀

Títí di òní olónìí, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé kí n ní sùúrù, inú á ti bí mi kí ó tó pa ẹnu dé. Àwọn ọmọ mi mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá fẹ́ kí n dúró de nǹkan, wọ́n á ní, "Ẹ jókòó díẹ̀, Màámi," wọn kì í jẹ́ pe orúkọ sùúrù létí mi. Àwọn àlejò ló máa ń ṣe àṣìṣe yẹn. Wọ́n rò pé àgbà ló ń ṣe mí. Kì í ṣe àgbà. Ọ̀rọ̀ irun ni.

Kò tíì pẹ́ rárá tí a gba òmìnira. Ọkọ mi ti lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní ìlú òyìnbó, ó fi èmi àti ọmọbìnrin wa, tí mo ṣì ń pọ̀n nígbà náà, sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ nínú agbo ilé wọn ní àdúgbò Ilare. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, onídìrí mi tú irun òwú tó wà lórí mi, ó fẹ́ dì í ní ṣùkú. Ọ̀rọ̀ ni obìnrin yẹn máa ń fi dirí, kì í dákẹ́. Lójijì ó dákẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ọwọ́ kan ibí yìí."

Mo fi ọwọ́ kàn án. Ojú ibẹ̀ ń dán, kò tóbi ju owó-ẹyọ tọ́rọ́ kan lọ, ṣùgbọ́n kò sí irun kankan níbẹ̀.

"Kì í ṣe èmi o," ó sọ ọ́ kíákíá. "Ẹ jẹ́rìí mi o, bí mo ṣe bá a nìyẹn."

Kí òjò ọdún náà tó dá, tọ́rọ́ ti di mẹ́ta, di márùn-ún, wọ́n sì ti so mọ́ra wọn. Kò dùn mí, kò yún mí, ó kàn ń re ni. Mo ń rí i lórí ìrọ̀rí, mo ń rí i lára òòyà, mo tilẹ̀ rí i nínú ọbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ìyá tó bí mi lọ́mọ gbé àdín wá láti ilé rẹ̀ ní Òkèrèwè, ó gún àlùbọ́sà sí i, ó fi ń pa mí lórí títí gbogbo gèlè mi fi ń rùn bí ìdí ààrò. Irun náà ń lọ ní tirẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ dé, orí mi ti dán bí igbá.

Ìyá ọkọ mi kì í ṣe èèyàn burúkú. Mo gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ tẹ̀lé e. Òun ló dúró tì mí nígbà tí mo bímọ, òun ló sì ń fi omi gbóná wẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó bá mi ní ẹ̀yìn ilé níbi tí mo ti ń fọ orí, láìsí gèlè. Garawa omi tó gbé jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ká ọwọ́ lérí.

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Màámi. Irun mi ló ń re."

"Mo ní ta ló kú? Ọmọ kan ṣoṣo ni mo ní, ó wà níbi tí ojú mi ò tó. Ìwọ wá ń gbé orí opó kiri inú ilé mi, o ń pè mí ní Màámi!"

Láyé ìgbà náà, lọ́dọ̀ wa, obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú ni wọ́n ń fá irun rẹ̀ kodoro. Orí obìnrin tí kò ní irun, nǹkan kan ṣoṣo ló ń sọ. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ wà láàyè tí ó ń gbé irú orí bẹ́ẹ̀ kiri, ó ń pe ikú sí ọkọ rẹ̀ ni. Bí ìyá yìí ṣe rí i nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, kì í dá mi lóhùn pé "o káàárọ̀." Ohun tó máa sọ ni pé, "Ta ló kú?" Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń bà á. Mímọ̀ tí mo mọ̀ ọ́n ò dín ìbínú mi kù. Ta ni kì í bẹ̀rù? Èmi náà ń bẹ̀rù, kò sì sẹ́ni tí mo ń bi ní ìbéèrè.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni fọ́tò tó wà ní pálọ̀ rẹ̀. Bàbá ọkọ mi ni, ó ti di olóògbé. Orí bàbá náà pá láti iwájú dé ìpàkọ́, fìtílà inú pálọ̀ sì ń kọ mànà lórí dígí rẹ̀. Lójoojúmọ́ ni ìyá yìí ń nu fọ́tò náà. Bí àlejò bá wọlé, á ní, "Ẹ wo orí olówó! Irun kì í gbé orí tí ọgbọ́n bá kún." Èmi á wà nídìí àwo ní ẹ̀gbẹ́ kan, pẹ̀lú gèlè mi tí mo so pinpin, mò ń gbọ́. Ní ẹ̀gbẹ́ fọ́tò bàbá ni fọ́tò tí ọkọ mi fi ránṣẹ́ láti ìlú òyìnbó wà. Ó wọ kóòtù ńlá, ó dé àkẹtẹ̀ òyìnbó mọ́lẹ̀ títí kan ìpéǹpéjú. Gbogbo wa ní òtútù ibẹ̀ pọ̀.

Oníkẹ́míìsì kan wà ní ọ̀nà Òkè-Ogbó nígbà náà. Kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n kì í bọ́ aṣọ funfun lọ́rùn, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Mo ṣí etí gèlè díẹ̀ kí ó lè wò mí. Ó wò ó, ó mi orí, ó fa ìwé ìròyìn òyìnbó kan yọ lábẹ́ káńtà.

"Màdámú, ọkàn yín balẹ̀. Wọ́n ti rí òògùn rẹ̀ ní ìlú òyìnbó. Wọ́n ti dán an wò. Ó kù kí wọ́n gbé e sọ́jà ni."

"Ìgbà wo ni yóò dé ọ̀dọ̀ wa?"

"Láìpẹ́. Ọkọ̀ òkun ló ń gbé e bọ̀. Ẹ ṣá ní sùúrù."

Ìdùnnú ni mo bá lọ sílé. Mo rántí pé mo ń kọrin. Mo ń rò ó bí irun náà ṣe máa hù, bóyá á rọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Láti ìgbà náà ni mo ti di ẹni tí ń lọ tí ń bọ̀ ní ọ̀nà Òkè-Ogbó. Mo lọ, ó ní òògùn ti dé èbúté Apapa, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ló dá a dúró. Mo tún lọ, ó ní òjò ti ba ọ̀nà Ìbàdàn jẹ́. Mo tún lọ, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó ní ìròyìn ayọ̀, ó ní èyí tó fẹ́ dé tẹ́lẹ̀ ti di àtijọ́, wọ́n ti rí òmíràn tó jù ú lọ, òun náà ló kù tí a máa dúró dè. Ẹ gbọ́ o! Òògùn tí kò tíì dé ti gbó! Mo sì padà sílé, mo dúró dè é. Ọkùnrin náà kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi rí. Ì bá gbà, ǹ bá pè é ní olè, ara ì bá tù mí. Ó dá mi lójú pé òun fúnra rẹ̀ gba ohun tó ń sọ gbọ́. Ẹnu dùn-ún ròfọ́.

Ìròyìn wá dé pé ọkọ mi ti parí ẹ̀kọ́, pé yóò wọlé kí ọdún Kérésìmesì tó dé. Gbogbo agbo ilé ń yọ̀. Ìyá rẹ̀ pè mí sí yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

"Bí irun rẹ ò bá hù kí ó tó dé, o máa lọ sí Òkèrèwè lọ́dọ̀ ìyá rẹ. Ọjọ́ tí irun bá hù, kí o padà wá. Ọmọ rẹ á dúró lọ́dọ̀ mi."

"Màámi, mo lè we gèlè."

"Ṣé gèlè ni wàá wé sùn?"

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ò bá mi jà, pé ẹ̀mí ọmọ òun ni òun ń ṣọ́. Ó ní ọmọ òun ò ní ti ìrìn àjò dé kí ó kọ́kọ́ fojú kan orí opó. Gbogbo ohun tí mo ní láyé ló wà nínú ilé yẹn, ọkọ mi tí mo ń retí àti ọmọ mi tó ń mú ọwọ́ mi sùn, irun ló sì máa lé mi kúrò níbẹ̀.

Ní ọjọ́ tí wọ́n ń retí rẹ̀, ìyá náà fúnra rẹ̀ ló bá mi di ẹrù. Mo gbé e rù. Kí n tó kọjú sí Òkèrèwè, mo kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì lọ. Mo mọ̀ pé òògùn kan kì í mú irun hù láàárín òwúrọ̀ sí ìrọ̀lẹ́. Mo ṣì lọ bẹ́ẹ̀. Àwọn èèyàn wà níwájú káńtà. Bó ti rí mi, ó rẹ́rìn-ín.

"Màdámú, ó kù díẹ̀. Onísùúrù ní í fún wàrà kìnnìún."

"Kìnnìún wo?" Ohùn mi ga tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo wọn fi yíjú. "Ṣé wàrà ni mo ní kí ẹ bá mi wá ni? Ẹ̀yìn mi ni ọmọ mi wà lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ sọ fún mi pé ó ń bọ̀. Ọmọ náà ti ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ ra àkàrà báyìí. Níbo ló wà?"

Ó na ọwọ́ sí ìwé ìròyìn rẹ̀. Mo já a gbà, mo fà á ya níwájú gbogbo wọn, mo da àjákù rẹ̀ sórí káńtà. Mo gbé ẹrù mi, mo jáde.

Mo fẹ́ lọ sí Òkèrèwè lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń lọ, mo rò ó pé ọmọ mi ò mọ bàbá rẹ̀, àfi inú fọ́tò. Ta ló máa wí fún un pé bàbá rẹ rèé? Ṣé ìyá tó sọ pé orí mi ń pe ikú ni? Ẹsẹ̀ mi ò gba ọ̀nà Òkèrèwè mọ́. Mo yí padà sí Ilare.

Mọ́tò ti dé iwájú ilé kí n tó débẹ̀. Pálọ̀ kún dẹ́nu, kò sì sẹ́ni tó kíyè sí mi níbi tí mo dúró sí lẹ́nu ọ̀nà. Ọkọ mi jókòó sábẹ́ fọ́tò bàbá rẹ̀, ó dé àkẹtẹ̀ náà sórí nínú ooru yẹn, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ dúró tì í.

"Ṣí i kúrò, kí n rí ojú ọmọ mi dáadáa."

Kò ṣí i. Ìyá rẹ̀ bá a ṣí i.

Orí rẹ̀ ń dán láti iwájú dé àárín. Irun díẹ̀ ló kù létí méjèèjì. Ó wo ilẹ̀, ó fẹ́ gba àkẹtẹ̀ padà, mo sì rí ìtìjú lójú rẹ̀, mo mọ̀ ọ́n nítorí tèmi náà ni. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti figbe ayọ̀ bọnu.

"Orí bàbá rẹ̀! Orí olówó! Ọmọ mi ti dé pẹ̀lú ọlà!"

Gbogbo ilé gbè é. Wọ́n ń fọwọ́ pa á lórí, wọ́n ń kí i kú oríire. Ọkọ mi gbé ojú sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. Kíá ni ìtìjú náà kúrò lára rẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé ibi tí òògùn wà ni ọkùnrin yìí ti ń bọ̀. Bí òògùn kankan bá wà níbẹ̀, orí ta ni ì bá kọ́kọ́ hù? Lẹ́yìn náà ni ìbínú dé. N kò tíì bínú bẹ́ẹ̀ rí, n kò sì tún bínú bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo sọ ẹrù mi kalẹ̀, mo rìn wọ àárín wọn, mo kúnlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, ọkọ mi."

Mo sì tú gèlè mi.

Ọkọ mi la ẹnu. Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tí mo kọjú sí ìyá rẹ̀.

"Màámi, orí méjì rèé, bákan náà ni wọ́n rí. Èyí tí ẹ máa ń bi mí láràárọ̀, ẹ bi òun náà. Ta ló kú?"

Kò lè bi í. Ìyá wo ló máa la ẹnu bi ọmọ rẹ̀ tó jókòó síwájú rẹ̀ pé ta ló kú? Ó wo orí ọmọ rẹ̀, ó wo tèmi. Ó jáde, ó gbé ẹrù mi lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé e wọ yàrá mi. N kò tún gbọ́ ìbéèrè náà lẹ́nu rẹ̀ mọ́ títí ó fi kú.

Nígbà tí àlejò tú ká, ọkọ mi ṣí àpótí rẹ̀. Ìgò ló kún ìsàlẹ̀ rẹ̀, ìgò òògùn irun oríṣiríṣi, èyí tó lò dé àárín àti èyí tí kò tíì ṣí. Ó ń fi wọ́n hàn mí, inú rẹ̀ dùn pé òun ti rí ẹni tí òun lè fi wọ́n hàn.

"Ìwọ̀nyí ò lágbára tó. Òmíràn wà tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́, kò ní pẹ́ jáde. Wọ́n ní kí a ní sùúrù."

Mo gba àwọn ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo da ohun inú wọn sẹ́yìn ilé ìdáná, mo fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n, mo rọ epo pupa sí wọn. A lò wọ́n pẹ́.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ọkọ mi kú lóòótọ́. Àwọn obìnrin ilé gbé abẹ àti omi wá láti fá irun mi bí a ti ń ṣe fún opó. Wọ́n tú gèlè mi. Wọ́n wo orí mi, wọ́n wo ara wọn, wọ́n rọra dá abẹ padà sínú àpò. Kò sẹ́ni tó bi mí pé ta ló kú.