Pílásítà Ojú Tẹlifíṣọ̀n

Ẹ má bínú sí mi o, ẹ̀yin tí ẹ máa gbọ́ èyí. Orí mi ò mú nǹkan dání bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Tí mo bá fi ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn síwájú, ẹ bá mi dá a padà sáyè ẹ̀. Ọmọ ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi kọ ọ́, torí èmi ò lọ sílé ìwé. Òun ló ní kí n sọ nǹkan kan tóun máa tọ́jú. Mo ní kí ni kí n sọ? Ó ní, "Grandpa, ẹ sọ ti ìjì yẹn." Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó mọ ohun tó ń wá.

Ó dáa. Èmi àti ìyàwó mi jọ wá sí Amẹ́ríkà ni, àmọ́ a ò jọ gbé. Àwọn ọmọ pín wa. Èmi wà lọ́dọ̀ ọmọ mi obìnrin níbí ní Baytown, létí omi, níbi tí iná ilé ìfọpo ti ń jó lójú ọ̀run tọ̀sán tòru. Ìyàwó mi wà ní Rosenberg lọ́dọ̀ ọmọ wa ọkùnrin. Ìyàwó ọmọ yẹn bímọ, ìyá tó bí i sì ti kú, ta ló máa wá wẹ ọmọ? Ìyàwó mi lọ wẹ ọmọ. Wọ́n ní tí ọmọ bá ti lè jókòó, ó máa padà wá bá mi. Ọmọ jókòó. Wọ́n ní ó dìgbà tó bá rá. Ọmọ ń rá káàkiri ilé. Wọ́n tún ní daycare tó wà ládùúgbò àwọn ò tíì tẹ́ àwọn lọ́rùn. Mo ní kò burú. Gbogbo nǹkan tí wọ́n bá ti sọ fún mi, kò burú ni mo máa ń sọ.

Àmọ́ bàbá ìyàwó ọmọ mi, àna mi, náà ń gbé nínú ilé yẹn. Kò sí obìnrin lọ́dọ̀ ẹ̀ látìgbà tí ìyàwó ẹ̀ ti kú. Ọkùnrin tó ga ni, tó mọ́ tónítóní, tó ń ki ẹ̀wù bọ ṣòkòtò nínú ilé lásán. Èbúté Àpápá ló ti ṣiṣẹ́ fẹ̀yìn tì. Ó gbọ́ òyìnbó, ó mọ ọ̀rọ̀ omi, ó mọ ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́, ẹnu ẹ̀ sì dùn. Èmi ò lẹ́nu. Ẹ bi ẹni tó bá mọ̀ mí. Èmi àti ìyàwó mi lè jókòó láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ká má sọ ju "omi dà?" lọ. Ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Mo rò pé ó tẹ́ òun náà lọ́rùn.

Ìjì yẹn wá gbéra lójú òkun. Ní ìlú yìí, wọ́n máa ń fún ìjì ní nọ́ńbà bó ṣe ń bọ̀. Ọ̀kan lèyí tó kéré jù, márùn-ún lèyí tó ń ká òrùlé lọ. Ẹ̀ẹ́ máa wò ó nínú tẹlifíṣọ̀n, á máa yí po bí ògì tí wọ́n ń rò lórí iná. Ìyàwó mi tí kì í pe fóònù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ṣáá.

"Bàbá, ẹ kú ilé o. Àna ní ó ti di ọ̀kan."

"Kí ló di ọ̀kan?"

"Ìjì mà ni. Àna ní omi òkun ń gbóná, pé omi gbígbóná yẹn loúnjẹ ẹ̀, pé ó ṣì máa lágbára sí i."

Mo ní mo ti gbọ́. Kò pẹ́, ó tún pè.

"Bàbá, ó ti di méjì o. Àna ní kí ẹ tọ́jú omi mímu. Àna ní kí ẹ fi pákó dí fèrèsé."

"Ta ló ní kí n fi pákó dí fèrèsé?"

"Àna ni."

Èmi tí mo la pákó ní Èbúté-Mẹ́tta títí eruku ẹ̀ fi kún ẹ̀dọ̀fóró mi! Èmi ni wọ́n fẹ́ kọ́ ní pákó! Mo ti kan pákó mọ́ gbogbo fèrèsé ilé yìí kó tó pè, òòlù ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Mo ní, "Sọ fún un pé mo gbọ́."

"Ó ní kí n kí yín."

"Ó ń gbọ́ wa ni?"

"Ó jókòó síbí. Òun ló ń bá mi mú fóònù dání, torí mo pọn ọmọ, mo sì ń dín dòdò."

Mo gbé fóònù sílẹ̀. Mo ń wò wọ́n lọ́kàn mi: dòdò ń ta nínú epo, ọmọ wà lẹ́yìn, ọkùnrin yẹn sì ń fi ọwọ́ ara ẹ̀ gbé fóònù sétí ìyàwó mi.

Ọmọ mi obìnrin ti sọ pé tí ìjì bá fi lè di mẹ́ta, Rosenberg la máa sá lọ, torí ibẹ̀ jìnnà sómi. Tí ò bá di mẹ́ta, a máa dúró sílé. Látìgbà yẹn ni mo ti gbé àga mi síwájú tẹlifíṣọ̀n. Mi ò mọ̀wé, àmọ́ mo mọ nọ́ńbà, torí a máa ń kọ ọ́ sára pákó. Méjì ló wà níbẹ̀. Méjì. Méjì. Pásítọ̀ ìjọ wa pe gbogbo wa jọ lórí fóònù fún àdúrà, ó ní kí ìjì yẹn dẹwọ́, kí agbára ẹ̀ já lulẹ̀. Gbogbo ilé ń ké àmín. Tèmi ò fi bẹ́ẹ̀ jáde lẹ́nu. Bó bá dẹwọ́, báwo ni mo ṣe máa dé Rosenberg?

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló di mẹ́ta. Ọmọ mi sáré wọ yàrá mi, ó ní, "Daddy, ẹ wọ bàtà, a ń lọ." Ó bá mi pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, fìlà lórí. Ìwọ tó ń kọ èyí, o wà lẹ́yìn mọ́tò lọ́jọ́ náà, o rí bí freeway ṣe kún. O ní, "Grandpa, inú yín dùn." Mo ní kí o jókòó dáadáa.

Ta ló wá ṣílẹ̀kùn fún wa? Àna ni.

"Àna mi pàtàkì! Ẹ káàbọ̀ o! Ẹ̀yin lẹ di ìjì mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò wá!"

Ó dì mọ́ mi bí ẹni pé òun ló nilé. Ìyàwó mi kúnlẹ̀ kí mi tòun tọmọ lẹ́yìn, "Ẹ káàbọ̀, Bàbá," ó bá dìde, ó kọjú sí tẹlifíṣọ̀n. Ó ti fọn díẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi.

Oúnjẹ dé. Àna ló kọ́kọ́ gbé e fún. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, àwa la tọrọ ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀, èmi fúnra mi ni mo kọ́ ọmọ mi pé kó máa bọlá fún un. Àmọ́ mo wo inú àwo ẹ̀. Iwe adìẹ ló wà lórí ìrẹsì. Nílé mi, ta ló ń jẹ iwe? Itan ni wọ́n fi sí tèmi. Itan ńlá. Mi ò lè gbé e mì.

Mo ń wá nǹkan tí mo máa fojú wò. Mo bá rí pílásítà kan lójú tẹlifíṣọ̀n, irú èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọgbẹ́ ọmọdé, pupa, wọ́n ya ẹja sí i lára. Mo ní ọmọ ló lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Mo dìde kí n bá wọn ṣí i kúrò.

"Ẹ má ṣí i o!"

Ìyàwó mi ni, láti kíṣíìnì. Látìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ, kò pariwo mọ́ mi rí. Àna bú sẹ́rìn-ín títí ó fi gbé ṣíbí sílẹ̀.

Ó ní, "Ẹ fi sílẹ̀, àna. Ilé yín nìyẹn."

"Ilé mi báwo?"

"Baytown ni. Ìyá wa ní kí n nàka sí ibi tó wà, wọ́n lẹ pílásítà mọ́ ọn kó má bàa sọnù. Mo ní, Mà, àwòrán ilẹ̀ yẹn ń yí padà o, tí wọ́n bá fà á súnmọ́, pílásítà á wà nínú òkun. Wọn ò gbà! Bí àwòrán yẹn ṣe ń yí, Ìyá á tún dé: 'Àna, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni Baytown dé báyìí? Ìjì yẹn ti débẹ̀?' Ìka mi ti fẹ́ẹ̀ wú. Mi ò rí bọ́ọ̀lù wò látìgbà tí ìjì yìí ti gbéra. Àna, mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi mú ìyàwó yín lọ."

Ìyàwó mi jáde, ó ń nu ọwọ́ sára ìró. "Àna, ẹ jẹun yín jàre." Kò wo apá ọ̀dọ̀ mi.

Bí wọ́n ṣe tún yí àwòrán yẹn padà nìyẹn. Pílásítà bọ́ sínú òkun. Ìyàwó mi ṣí i, ó mú un dání. Àna ti ń na ìka bọ̀.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí èmi fi hàn án."

Mo dé iwájú tẹlifíṣọ̀n. Mi ò mọ ibi tí Baytown wà níbẹ̀ ju bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ìka mi dúró. Àna húkọ́, ó rọra ní, "Ẹ gbé e sókè díẹ̀." Mo gbé e sókè. "Ẹ yà sápá ọ̀tún." Mo yà. Inú bí mi pé òun náà ló tún mọ̀ ọ́n, àmọ́ mo yà.

"Ṣé ibẹ̀ ni, Bàbá?"

"Ibẹ̀ ni."

Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ eteetí ìka mi.

Nígbà tó dọ̀sán ọjọ́ kejì tá a débẹ̀, ìjì ti já sí ọ̀kan, ó sì ti ṣẹ́rí sí apá Louisiana. Wọ́n kọrin, wọ́n ṣàtẹ́wọ́. Àmín tèmi jáde díẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ọmọ mi obìnrin ní a máa padà sílé tílẹ̀ bá mọ́. Ọmọ mi ọkùnrin yíjú sí mi.

"Daddy, Mummy á ṣì dúró tì wá títí ọmọ á fi rìn, àbí?"

Gbogbo wọn ń wò mí. Wọ́n ti mọ ohun tí mo máa sọ. Ìyàwó mi ń ká aṣọ ọmọ lórí itan ẹ̀, ó dáwọ́ dúró.

Mo ní, "Ó burú."

"Sà?"

"Mo ní ó burú."

Ìyàwó ọmọ mi kúnlẹ̀ kíá, "Daddy, ẹ má bínú sà, a ò mọ̀." Àna ló dá wọn lóhùn. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Ṣé èmi ò lè bójú tó ọmọ ọmọ mi ni? Títí ẹ ó fi rí daycare tó tẹ́ yín lọ́rùn."

Ìyàwó mi ní, "Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ látọjọ́ yìí?"

Mo ní, "O ò bi mí."

Ó pòṣé, ó lọ di ẹrù ẹ̀.

Bó ṣe di ẹni tó wà pẹ̀lú wa níbí nìyẹn. Àna ṣì ń pè é ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, láti ròyìn ọmọ tó ti ń rìn báyìí. Wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Tí ọwọ́ ẹ̀ bá wà nínú nǹkan, èmi ni mo ń bá a mú fóònù dání sétí. Mi kì í jìnnà.

Ó tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti pọ̀ jù fún mi. Yọ ibi tí mo ti ní àna ga, tó sì mọ́. Ó dáa, fi sílẹ̀. Wàyí o, kà á fún mi kí n gbọ́. Má rọra kà á o, ìyá àgbà ẹ wà ní kíṣíìnì. Kà á sókè kó débẹ̀.